Ẹnì Kan Nínú Mẹ́wàá

Jenta Adamu, Jos
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, 1934

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìfaradà oòrùn. Mo kí Ìyá mi, mo sì kí gbogbo ará ilé, títí kan àwọn tó ń bínú sí mi pé n kò kọ̀wé láti ìgbà Kérésìmesì. Ara mi le. Òtútù Jos yìí ti ń rọlẹ̀, a ti lè fi omi tútù wẹ̀ láìpariwo.

Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé, iṣẹ́ àti ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ti Jos bọ̀. Mo ti di akànṣẹ́. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa níbi tí wọ́n ti ń wa kúsà, èyíinì ni tánganran, kó ọkùnrin mẹ́wàá jọ nínú àwa akọ̀wé àti àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ó ní kí a máa bá àwọn ará reluwé kànṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé ní pápá Hwolshe, kí ara wa lè máa yá gágá. Táyọ̀, ẹ̀gbọ́n Lucy àfẹ́sọ́nà mi, wà nínú wa. Ẹ mọ̀ pé yàrá kan náà ni èmi àti òun ń gbé, ìkòkò kan náà la sì fi ń sebẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bẹ̀rù kí àwọn àna mi má gbọ́, ọmọ wọn ti mọ̀ ná.

Ẹ má rò pé irú ìjàkadì tí ẹ̀yin jà nígbà èwe yín ni. Nínú ìjàkadì, bí ẹ̀yìn ènìyàn bá ti kanlẹ̀, ó parí. Nínú eléyìí, bí ènìyàn bá ṣubú, wọ́n á dúró dè é kí ó dìde kí wọ́n lè tún lù ú. Bámgbóṣé, ọmọ Ìkìrun tó ń wakọ̀ fún wa, ni wọ́n lù bí ẹni lu bàrà. Ọkùnrin reluwé kan gbá a lẹ́nu, eyín bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó ṣì ń fi ahọ́n wá àwọn eyín náà kiri ẹnu nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ kejì tún bà á lábẹ́ etí. Ó ṣubú dojúbolẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú. Àwọn Hausa tó yí wa ká ń pariwo pé "Kashe shi", tó túmọ̀ sí "Pa á", wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí eré ni wọ́n fi ń ṣe. Àgbọ̀n Bámgbóṣé kán. Ẹ̀kọ mímu nìkan ló kù tó lè wọnú rẹ̀, kò sì rántí orúkọ ìyàwó rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù. Dókítà Harold, òyìnbó tó ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́, ń ṣe ìwádìí lórí àwa tí à ń kànṣẹ́. Ó ń fi okùn wọn apá wa, ó ń gbé wa sórí ìwọ̀n, ó ń ka iye ẹ̀ṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jù. Ó sọ fún wa pé níbi gbogbo tí wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí, ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló máa ń fara pa gidigidi lọ́dún kan. Jìnnìjìnnì bò wá. Ìgbà tí Bámgbóṣé ṣubú ni ọkàn wa tó balẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí èésú àdúgbò, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣòro fún yín. Mẹ́wàá ni wá, ẹnì kan ni yóò kó ti ọdún yìí, Bámgbóṣé sì ti kó o. Àwa mẹ́sàn-án ti bọ́.

Dókítà náà tún sọ pé nínú ìṣirò òun, eyín kan àti ààbọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń pàdánù nínú ìjà kan. Kí ìyẹn má dà yín láàmú.

Ẹ bá mi sọ fún Lucy pé oṣù kejìlá ni ìgbéyàwó wa, kò yẹ̀. Kí Ìyá mi jọ̀ọ́ fi elùbọ́ ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n ń tà níhìn-ín kò ṣe é fi ẹnu kàn.

Èmi ọmọ yín tó ń dọ̀bálẹ̀ láti òkèèrè,
Akínwọlé


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, 1934

Akínwọlé ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́, a dúpẹ́ pé o ṣì lè di kálàmù mú. Gbogbo ilé ló kí ọ, àfi ìyá rẹ Keziah, tó ní òun kò ní kí ọ títí o ó fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eyín.

Èmi ni mo ka ìwé náà sí i létí, n kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n fo ibẹ̀. Bí mo ṣe dé orí eyín kan àti ààbọ̀, ó káwọ́ lérí. Ó bi mí pé ìgbà mélòó lo ti jà. Mo ní n kò mọ̀, pé ọjọ́ Sátidé ni ẹ máa ń jà. Ó fi ìka ka gbogbo Sátidé láti ìgbà Kérésìmesì, ó tún ti ìka náà bọ ẹnu ara rẹ̀, ó fi ka eyín tó kù síbẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní eyín ọmọ òun ti tán, ó ti wá wọ gbèsè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ògì gbígbẹ lo máa bá nínú ẹrù tí a fi ránṣẹ́. Ó ní elùbọ́ dúró di ìgbà tí o bá ní ohun tí o máa fi jẹ ẹran orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde nílé. Àna rẹ, Akínladé, bá wa délé lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó pẹ́, ó wá fi ọ̀wọ̀ bèèrè bóyá o ṣì lè fọ́ egungun. Mo ní o lè fọ́ ọ. Ó ní òun kò bèèrè nítorí ara òun o, Lucy ló fẹ́ mọ̀. Lucy tó jókòó tì í ní òun kò bèèrè nǹkan kan. Kọ̀wé padà kíákíá, kí o sọ iye eyín tó kù lẹ́nu rẹ, kí o sì sọ ẹni tó ń mú ààbọ̀ kejì lọ fún wa.

Ní ti ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn yé mi. Mo ti ń ṣe olórí èésú kí a tó bí ọ, n kò sì tíì gbé ti oṣù kan fún ẹni méjì rí. Bí Bámgbóṣé bá ti kó ti ọdún yìí, ó ti kó o nìyẹn, kí Ọlọ́run bá wa wò ó sàn. Ìyá rẹ kò gbà. Ó ní ṣé ẹ̀ṣẹ́ náà mọ̀ pé èésú ni ẹ ń dá. Mo ní ọ̀rọ̀ ìṣirò kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin, n kò sì rí oúnjẹ alẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀, fi ìjà náà sílẹ̀. A kò rán ọ lọ sí Jos kí o lọ máa gba ẹ̀ṣẹ́ sẹ́nu. Odindi ọkọ ìyàwó la fẹ́ rí ní oṣù kejìlá.

Bàbá rẹ,
Olúgbóyèga


Jenta Adamu, Jos
Ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún, 1934

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ sọ fún Ìyá mi pé gbogbo eyín tí mo kó wá sí Jos ló wà lẹ́nu mi, àwọn ni mo sì fi ń wo ògì tí kò nílò wọn.

Bí ọ̀rọ̀ eyín ṣe rí nìyí. Dókítà kó gbogbo eyín tó bọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn jọ, ó wá pín in fún gbogbo wa dọ́gba, bí ẹni ń pín ẹran. Bámgbóṣé ló pàdánù jù. Èmi kò pàdánù ìkankan, ṣùgbọ́n nínú ìwé dókítà, eyín kan àti ààbọ̀ ló kàn mí. Ẹ bá mi fi àna mi lọ́kàn balẹ̀.

Mo ti jà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo kọ̀wé, mo sì borí nínú méjèèjì. Ẹnì kejì jẹ́ ọkùnrin reluwé tó ga ju ilẹ̀kùn wa lọ. Mo gbá a níkùn, ó tẹ̀ ba. Mo gbá a nímú, mo gbọ́ bí egungun ibẹ̀ ṣe fọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gbóná lójú mi. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí n má baà ṣe ẹnì kan léṣe. Láti ìgbà ti Bámgbóṣé, n kò fà á sẹ́yìn mọ́. Ẹni tó máa ṣèṣe ti ṣèṣe, kí ni mo tún ń fa ọwọ́ sẹ́yìn sí?

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni ìsinmi oṣù kejìlá. Ọ̀gá wa ní ẹnì kan ṣoṣo ni òun lè fún láyè kúrò nínú ọ́fíìsì wa, àwa méjì la sì bèèrè, èmi láti wá gbé ìyàwó, Táyọ̀ láti wá fa àbúrò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kí a fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú rẹ̀ ní àárín oṣù keje, ẹni tó bá borí ni kó máa lọ. Táyọ̀ ní kò burú, òun á kàn dùbúlẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n dókítà máa ń jókòó tì wá, ó ń ka ẹ̀ṣẹ́ bí a ṣe ń jù ú, ọ̀gá sì ti kìlọ̀ pé bí òun bá gbọ́ pé a ṣe màgòmágó, àwa méjèèjì ni kò ní lọ.

A jọ rò ó lórí ẹní wa, a sì fi ẹnu kò pé a máa jà á tọkàntara. Táyọ̀ ní, "Shi ke nan, ó parí. Bámgbóṣé ti kó ti ọdún yìí. Kí là ń bẹ̀rù?"

Ẹ kí Lucy fún mi. Ẹ sọ fún un pé bí mo bá borí, mo ń bọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá borí, a ó sún un sí Àjíǹde.

Ọmọ yín,
Akínwọlé


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, 1934

Akínwọlé,

Ìwé rẹ pẹ́ lọ́nà, n kò sì mọ̀ bóyá èyí máa bá ọ kí ọjọ́ ìjà náà tó pé. Bí ó bá bá ọ, ohun tí mo ń sọ ni pé o kò gbọdọ̀ jà.

Àna rẹ ni Táyọ̀. Bàbá rẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, èmi àgbàlagbà, kí wọ́n tó fi Lucy fún ọ. Kò sí ẹni tó tíì na ọwọ́ sí àna rẹ̀ nínú ilé wa, ì báà ṣe eré, ì báà jẹ́ òyìnbó ló pàṣẹ rẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ní o kò gbọdọ̀ ṣe é. Bí ìsinmi ni ìṣòro, a ó ṣe ìgbéyàwó nígbà Àjíǹde, ìyàwó kì í ṣe ẹ̀fọ́ tó máa rọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. O ní dókítà fi eyín tí o kò pàdánù kàn ọ́. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti ka ìwé rẹ. Mo sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú mẹ́wàá yé mi. Kò yé mi mọ́. Ẹni tó lè mú eyín Bámgbóṣé pín fún ẹni tí eyín rẹ̀ pé, n kò mọ ohun mìíràn tó lè mú pín fún yín. Fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn, ọmọ mi.

Bàbá rẹ,
Olúgbóyèga


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, 1934

Akínwọlé,

Ṣé o ti wá di ẹni tí kì í dá bàbá rẹ lóhùn? Ìgbà wo ni a ti kọ̀wé sí ọ? Ṣé yíǹkì ló tán ní Jos ni, àbí orí ti wú ọ nítorí pé o mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn?

Mo fẹ́ kí ìbínú mi gùn ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Ọkùnrin kan tó ti Jos dé sọ níwájú ìyá rẹ pé akànṣẹ́ kan tó jẹ́ Yorùbá wà ní ọsibítù, kò mọ ènìyàn, kò sì lè sọ̀rọ̀. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ ti gbé ẹní rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí.

Akínladé ló ń dúró tì wá. Kò sí ọjọ́ tí kì í wá. Ó gbé iṣu wá fún ìyá rẹ, ó ní kí ó jẹun, ó ní Táyọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ, kò sì ní jẹ́ kí ìyà jẹ ọ́. Ó ní láàárín ọjọ́ mélòó kan ni Táyọ̀ fúnra rẹ̀ máa kọ̀wé.

Bí ìwọ kò bá lè kọ̀wé, jẹ́ kí Táyọ̀ kọ ọ́. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, jẹ́ kí ó kọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́.

Olúgbóyèga, bàbá rẹ


Jenta Adamu, Jos
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹjọ, 1934

Bàbá mi,

Ẹni tí ẹ gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kì í ṣe èmi. Táyọ̀ ni. Ó kú ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Èmi ni mo lù ú pa.

Ìwé tí ẹ fi kọ̀ fún mi dé lẹ́yìn ìjà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbá mi létí, ó kí mi ní Hausa pé, "Sannu, àna." Èmi náà gbá a léjìká, mo ní kó fi ìyẹn kí Lucy. Lẹ́yìn náà ló bà mí lórí ojú, awọ ibẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ sì bò mí lójú. Ìbínú bá dé. Mo gbá a níhà, mo gbọ́ tí èémí já lẹ́nu rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, mo tì í kúrò, mo gbá a lágbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì já wálẹ̀.

Mo rí i, Bàbá. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti já wálẹ̀, kò ní ohun tó lè fi bo orí mọ́. Ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, ǹ bá ti dúró. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀ náà ni pé kò sí nǹkan tó lè ṣe é, Bámgbóṣé ti kó ti ọdún yìí. Mo bá fi gbogbo ara mi gbá a ní ẹ̀bátí. Ó ṣubú sẹ́yìn gbalaja, orí rẹ̀ kan òkúta tó yọ nínú pápá. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀. Wọ́n ṣì ń pariwo pé "Kashe shi" fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé kò mira.

N kò kọ̀wé nítorí mo rò pé ó máa jí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ. Mo ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ, ó ń ṣàn jáde. Mo sọ fún un pé òun ló borí, pé ọ̀gá ti fún un ní ìsinmi, pé kí ó dìde kó máa lọ sílé lọ fa àbúrò rẹ̀ fún ọkọ. Kò mọ̀ mí. Àwọn ọlọ́pàá bi mí ní ọ̀rọ̀, wọ́n ní eré ni, wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo bi dókítà bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí Bámgbóṣé ti kó o. Kò yé e. Mo ṣàlàyé èésú fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, "Akínwọlé, ta ló sọ fún ọ pé ó máa ń tán? Ìgbàkígbà tí ẹ bá tún wọ pápá, ọ̀tun ni. Bámgbóṣé kò gba nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo ń kó ìwé wọ ọ́fíìsì ọ̀gá nígbà tí dókítà ń sọ fún un pé bí a bá pa àwa àti àwọn reluwé pọ̀, ogún ènìyàn ni wá, méjì ló ṣèṣe, ẹnì kan nínú mẹ́wàá gẹ́lẹ́. Ó ní ìṣirò òun bọ́ sí i. Mo fi ìwé náà sórí tábìlì, mo jáde.

Ẹ lọ sọ fún àwọn àna mi kí ìwé ilé-iṣẹ́ tó dé bá wọn. N kò mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ bá mi bi Lucy bóyá mo lè wá síwájú rẹ̀.

Akínwọlé


Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1934

Akínwọlé ọmọ mi,

Èmi àti ìyá rẹ lọ lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Akínladé, ẹni tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Ó rò pé ikú tìrẹ ni mo wá túfọ̀ fún òun. Ó sáré gbá mi léjìká mú, ó ní kí n dìde, ó ní Ọlọ́run á tù wá nínú, pé Lucy náà á gba kámú. Ó ti ń sunkún nítorí rẹ. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ní kì í ṣe Akínwọlé.

Nígbà tí ó yé e, ó gbá mi lẹ́nu. Ó tún gbá mi. N kò gbé ọwọ́ sókè. Àwọn ọkùnrin agbo ilé wọn wọ́ mi dé ojúde, wọ́n fa agbádá mi ya, wọ́n sì ti fọ́ ilẹ̀kùn ilé wa kí a tó padà. Ọgbẹ́ ẹnu mi ti ń san. Mo ń sọ fún ọ kí o lè mọ̀ pé o kò gbọdọ̀ wá sílé ní oṣù kejìlá, bí wọ́n tilẹ̀ fún ọ láyè. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti gbé ẹní òun wọlé, pé ọmọ òun ṣì ni ọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè dúpẹ́ lójú àwọn ẹlòmíràn.

Ohun tí Lucy sọ ni mo fi kẹ́yìn, nítorí òun lo ń retí. Òun ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó gbé ìjókòó fún mi, ó ní kí n ka ìwé rẹ, mo sì kà á láìfo ibì kankan, títí dé ọ̀rọ̀ dókítà. Mo kà á tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ìkórìíra, pé ìṣirò ló ṣì yín lọ́nà, èmi pàápàá sì wà lára àwọn tó ṣì í, pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n sọ. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó ní, "Bàbá, èmi kò ní mẹ́wàá. Ọ̀kan ni mo ní."

Bàbá rẹ,
Olúgbóyèga